Atalẹ̀ Inú Kápúsù

Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo àdúgbò ni kò rí ibi fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ ò rí ayé bí? Bẹ́ẹ̀dì kún ilé ọkùnrin yìí bámúbámú láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí. Òmíràn fara ti ògiri, òmíràn wà lórí tábìlì tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti rán tán wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó ni ín. Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àyà lé àpótí tó máa ń jókòó lé bó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń fún un ní ìsinmi díẹ̀.

Ó ń yán. Yíyán ọ̀hún kì í ṣe ti oorun, torí kò fojú kan oorun mọ́jú. Omi ń dà ní imú rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, òógùn ń bọ́ lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n, gbogbo awọ ara rẹ̀ sì rí bíi ti adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Bí ọ̀tún bá sinmi, òsì á ta.

"Olówùú," ó pe ìyàwó rẹ̀. "Aláwọ̀ méjì mi dà?"

Ìyá Olówùú ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, nítorí pé òwú kì í wọ́n nínú irun rẹ̀ àti létí aṣọ rẹ̀. Òun ló ń tú òwú bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń nà án kó lè wú, òun náà ló ń rán bẹ́ẹ̀dì pa dé. Ó gbé ife tíì àti búrẹ́dì wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan sẹ́nu ná, Bàbá."

"Ṣé tíì ni mo bèèrè ni?"

"Inú òfìfo ò dáa fún oògùn."

"Inú mi ti kọ oúnjẹ láti àná. Fún mi ní oògùn mi, jàre."

Ó dìde, ó lọ mú agolo tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Aláwọ̀ méjì ni wọ́n ń pe oògùn ìrora yẹn nílé wọn, torí pé apá kan kápúsù náà pupa, apá kejì yẹ́lò. Ó kó méjì lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wò wọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, kò sọ ọ́, ó ju oògùn sẹ́nu, ó sì fi omi lé e.

"Ó máa ṣiṣẹ́ báyìí," obìnrin náà wí.

"Kó ṣiṣẹ́ o," ọkùnrin náà dáhùn.

Kò lè ṣiṣẹ́. Atalẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Atalẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni Ìyá Olówùú kó sínú kápúsù wọ̀nyẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tó ti da ìyẹ̀fun inú wọn sí ṣálángá. Èrò rẹ̀ dáa. Ojoojúmọ́ ló ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń sùn lójú mọmọ, tó ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wúwo, tó ń gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ọlọ́mọ máa sùn lé. Iye tó ń lò ń pọ̀ sí i ni, ìrora náà ò sì lọ. Ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó se atalẹ̀ sínú omi gbígbóná fún un, ọkùnrin náà dà á sí gọ́tà, ó ní òun kì í ṣe ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ta ata sí. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe ń pariwo lórí rédíò lọ́jọ́ kan pé atalẹ̀ ju gbogbo oògùn òyìnbó lọ fún ìrora, pé ohun tó bá ti inú ilẹ̀ wá kì í pa èèyàn lára. Rédíò ò sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ara tí oògùn ti mọ́ lára, lọ́jọ́ tí oògùn náà bá dá lójijì. Ìyẹn ò kúkú sí lára ọjà tó ń tà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n, òun náà ló sì máa ń kọ́ni ní wèrè. Bí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó wá, Ìyá Olówùú á tú etí rẹ̀, á kó òwú tó ti dì jáde, á kó tuntun sí i, á wá máa fi abẹ́rẹ́ bọ ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́, ihò kan tẹ̀lé òmíràn, débi pé ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì gan-an ò ní mọ ibi tí wọ́n ti là á. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Ọ̀nà yẹn náà ló gbà bá kápúsù ṣe. Ó fà á sí méjì, ó gbọn inú rẹ̀ dànù, ó fi ìdí abẹ́rẹ́ ki atalẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dé e pa dà, ó fi aṣọ nù ún. Obìnrin mìíràn ì bá bá ọkọ rẹ̀ jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òun rán ẹnu ọ̀rọ̀ náà pa, ó ń wò ó.

Ṣé kí n wá dá a lẹ́bi? Ta ni ì bá bi? Dókítà tó kọ́kọ́ kọ oògùn yẹn fún ọkọ rẹ̀ ò lò ju ìgbà tí èèyàn fi ń so okùn bàtà lọ. Kò gbójú sókè. Ó ní kó máa lò ó, kò sọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Oníkẹ́míìsì ìgboro ò bèèrè ìwé dókítà mọ́ láti ìgbà náà, ó ń tà á fún un bí ẹní ta bisikíìtì. Àwọn tó sì ń rí Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì tó ń tòògbé lórí àpótí ń ṣẹ́jú síra wọn pé oníranù ni. Ọkùnrin tí kò mutí rí, tí kò fa sìgá rí! Bẹ́ẹ̀dì ló gbé títí tí ẹ̀yìn fi kọṣẹ́. Inú ń bí mi, ẹ má dá mi lóhùn.

Tíì tí ìyàwó rẹ̀ wá fagbára fún un mu lẹ́yìn oògùn kò pẹ́ níkùn rẹ̀. Ó bì í sínú ike, ó tún bì nígbà tí kò sí nǹkan kan níkùn mọ́. Ariwo bíbì yẹn ló mú onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn wọlé. Gbéborùn ni wọ́n ń pe onídìrí náà, ó mọ̀, kò sì bínú sí i, torí ó gbà pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ máa bá oníbàárà sọ?

"Ẹ kú àárọ̀ o. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bì, mo ní àbí Ìyá Olówùú ti lóyún ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ọkùnrin náà nílẹ̀, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Kí ló ṣe Bàbá?"

"Ibà ni," Ìyá Olówùú dáhùn.

"Ibà? Ibà wo ló ń mú èèyàn ta ẹsẹ̀ bí ẹni tí èèrùn wà ní ṣòkòtò rẹ̀? Ṣé ẹ ti sọ fún ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin?"

"A ò tíì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

"Kò burú," Gbéborùn wí. Ẹni tó bá mọ Gbéborùn mọ̀ pé tó bá ti ní kò burú, ó ti burú nìyẹn. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fóònù ti wà létí rẹ̀.

Ó wá ku tọkọtaya náà. Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì gbé orí lé àpótí.

"Ó le o, Olówùú," ó wí. "Kò tíì le báyìí rí."

Ọ̀rọ̀ náà wá sórí ahọ́n obìnrin náà. Ó rò ó pé kí òun là á sílẹ̀. Ó rí i pé ọkọ òun ń wo òun bí ẹni tó ń retí nǹkan, ẹ̀rù sì bà á. Ó gbé ojú kúrò. Ọkùnrin náà gbé ojú tirẹ̀ kúrò pẹ̀lú.

"Ẹ jẹ́ kí n sáré dé ilé ìwòsàn, kí n bi wọ́n ohun tí wọ́n lè fún yín."

"Má pẹ́ o."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kéré débi pé, nígbà tí Ìyá Olówùú dé títì, ó fẹ́ẹ̀ pa dà.

Ilé ìwòsàn náà ní àga onígi gígùn kan, ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti dúdú níbi tí àwọn aláìsàn máa ń gbé orí tì. Kálukú jókòó ti ìrora tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ìyá Olówùú jókòó sáàárín wọn, ó ń yọ òwú lára aṣọ rẹ̀, ó ń ká a mọ́ ìka. Nígbà tó kàn án, ó sún mọ́ nọ́ọ̀sì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kì í ṣe èmi ló ń ṣe, nọ́ọ̀sì. Aládùúgbò mi kan ni."

"Kí ló ṣe aládùúgbò yín?"

Ó ròyìn. Ó ròyìn yíyán, ó ròyìn òógùn àti òtútù, ó ròyìn ẹsẹ̀ tí kò sinmi, ó wá ròyìn oògùn aláwọ̀ méjì àti atalẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

"Aládùúgbò yín yìí, ṣé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà lẹ jọ ń sùn?"

Ìyá Olówùú wolẹ̀. "Wọn kì í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́," ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Kì í ṣe obìnrin oníwà tútù, ó sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kọjá bó ṣe yẹ kéèyàn gbọ́ ọ. "Ìyá, ara wọn ti fi oògùn yẹn ṣe òpó. Ẹ wá yọ òpó lójijì. Kí lẹ fẹ́ kí òrùlé ṣe?"

"Wọ́n ní atalẹ̀ dáa ju..."

"Atalẹ̀ dáa. Èmi náà ń mu ún. Kéèyàn fi nǹkan gbígbóná sí ẹ̀yìn dáa. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kó máa na ara bí wọ́n bá ṣe kọ́ ọ, kí wọ́n máa fọwọ́ ra á, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ó lè jẹ́ òun ló máa kù sí wọn lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ oògùn la máa kọ́kọ́ gbé e sí, tí dókítà á máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀, tó sì máa fojú sí wọn. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ ni? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ̀yin fi igi nà á!"

Bàbá arúgbó kan tó jókòó nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ó sì di ìbàdí rẹ̀ mú, torí ẹ̀rín náà dùn ún. Ìyá Olówùú ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún gbọ́ èyí," nọ́ọ̀sì wí, ó sì dá ẹ̀fẹ̀ dúró. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn sáré pa dà sí iye tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ara tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ ò lè ṣàdéédéé gbé e mọ́. Wọ́n lè sùn lọ, kí èémí dá. Ta ló mọ̀ pé atalẹ̀ ló wà nínú kápúsù?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ lọ sọ fún wọn. Kẹ́ ẹ sì mú wọn wá, dókítà wà níbí títí di ìrọ̀lẹ́."

Ìyá Olówùú ò rin ọ̀nà ilé, ó sáré é. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu bó ṣe ń lọ. Á kọ́kọ́ ní kí ọkọ òun má bínú. Rárá, á kọ́kọ́ fún un lómi. Kò tíì mọ èyí tí yóò ṣáájú tó fi gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ láti ojú títì.

Obìnrin yìí ló ń dáná fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, épírọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀, kúlà ìrẹsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbéborùn fara ti férémù ilẹ̀kùn. Oníbàárà rẹ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti di irun rẹ̀ dé ìdajì, ìdajì yòókù dúró gan-an sókè, òun náà wá wòran.

"Ìyàwó, o káàbọ̀," Ẹ̀gbọ́n wí. "O fi ọkọ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, o ń rìn kiri."

"Ẹ kúulé o, Ẹ̀gbọ́n. Ilé ìwòsàn ni mo..."

"Ilé ìwòsàn tí o lọ, oògùn dà? Ọwọ́ òfìfo lo fi dé. Mo ti dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ó ní èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti pé ẹni tí ara rẹ̀ ti gbó sí i bíi tàbúrò mi, mẹ́rin ni kó lò lẹ́ẹ̀kan, kó lè rí oorun sùn." Ó ti yọ wọ́n jáde nínú páálí. Mẹ́rin wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pupa àti yẹ́lò, Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì sì ti na ọwọ́ sí wọn.

Bí Ìyá Olówùú bá sọ ọ́, ẹnu àdúgbò ló máa sùn. Bí ó bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ lè sùn kó má jí. Kápúsù ti dé ọwọ́ ọkùnrin náà, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu.

"Ẹ má gbé e mì!"

Ó fò mọ́ ọn, ó gbá ọwọ́ náà, kápúsù sì fọ́n ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kí nìyẹn? Ṣé orí ẹ ti dàrú ni?"

"Atalẹ̀ ni," Ìyá Olówùú wí. Ó ti kúnlẹ̀, kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Èyí tí mò ń fún wọn láti ọjọ́ yìí wá, atalẹ̀ ni. Èmi ni mo da ti inú rẹ̀ nù, tí mo kó atalẹ̀ sí i. Oògùn ò sí lára wọn mọ́. Bí wọ́n bá lo mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀kan náà, èémí wọn lè dá. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́."

Oníbàárà tí irun rẹ̀ dé ìdajì ló kọ́kọ́ ní, "Hàà."

"O fẹ́ pa àbúrò mi," Ẹ̀gbọ́n wí. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. "O jókòó tì í. Ò ń wò ó bó ṣe ń jẹ̀rora, o sì ń sọ fáyé pé ibà ni."

"Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Mo fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ oògùn yẹn ni."

"Ẹ má bínú sí i," Gbéborùn dá sí i. "À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀."

"Òròmọdìẹ wo? Òun gan-an ni àṣá!"

"Mo mọ̀."

Ohùn Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì nìyẹn láti ilẹ̀. Wọ́n rò pé ìsọkúsọ àìsàn ni.

"Mo mọ̀ pé atalẹ̀ ni," ó tún wí. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń gùfẹ̀ atalẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ahọ́n mi náà ti kú ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i. "O mọ̀, o wá ń gbé e mì?"

"Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Ó ń wò mí láràárọ̀ bí ẹni pé ó máa ṣiṣẹ́." Ó nu imú. "Èmi náà fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀. Òní ló wá bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ìyá Olówùú gbójú sókè. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?"

"Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ fún mi?"

Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Obìnrin ń ṣọ́ ọkọ rẹ̀ nínú òkùnkùn, ọkàn rẹ̀ ń já, ó rò pé òun nìkan lòun gbé ẹrù yẹn. Ọkùnrin wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀, ó ń fi eyín gé ìrora, ó rò pé òun nìkan lòun gbé e. Ẹrù kan náà ni. Ká ní wọ́n sọ ọ́ síra wọn ni, ì bá fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n di ọkùnrin náà mú lápá kan, Ìyá Olówùú di apá kejì mú, wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n ò wo ojú ìyàwó títí wọ́n fi dé ọ̀hún. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ẹ̀yìn ọkùnrin náà wò, ó jẹ́ kí wọ́n fa omi sí i lára. Ó wá fún un ní oògùn tó kéré dáadáa sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, ó ní àwọn yóò máa dín in kù bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, àti pé ó máa pẹ́, kó má sì tan ara rẹ̀ pé kò ní dun òun. Nọ́ọ̀sì gba páálí oníkẹ́míìsì lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó kọ́ Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì bí yóò ṣe máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tí yóò máa fa orúnkún mọ́ra. Ó ní kí Ìyá Olówùú rán àpò kékeré kan, kó kó ìrẹsì gbígbẹ sí i, kó máa yá a lórí iná díẹ̀ kó tó fi sí i lẹ́yìn.

"Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ki nǹkan sínú àpò?" nọ́ọ̀sì bi í. Nọ́ọ̀sì ò ro ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ba obìnrin náà.

"Mo mọ̀ ọ́n," Ìyá Olówùú dáhùn.

Nígbà tí wọ́n pa dà délé, Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́. "Kó oògùn yẹn wá. Èmi ni n ó máa tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀," Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì wí.

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n tú épírọ́ọ̀nù, ó ká a, ó lọ. Ó fi kúlà sílẹ̀, kò sọ pé kí wọ́n jẹun.

Títí ìrọ̀lẹ́ fi dé, ọ̀rọ̀ náà ti gba orí mélòó kan kọjá ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Lórí ẹni àkọ́kọ́, atalẹ̀ ni. Lórí ẹni tó tẹ̀lé e, ó ti di nǹkan funfun kan báyìí. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń wá bí yóò ṣe jogún ilé. Ilé wo? Yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n háyà?

Awakọ̀ tó ni bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà wá gbé e. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó kí wọn kú àmójútó aláìsàn. Ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ẹ bá mi tú etí kan díẹ̀, kí n wo òwú inú ẹ̀."

Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹnì kan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó gé ojú rírán tó tẹ̀lé ihò àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ya etí bẹ́ẹ̀dì náà, ó fa òwú jáde. Òwú ni. Òwú tuntun tó mọ́, tó wú. Awakọ̀ ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ojú tì í, ó sì dúró títí tó fi rán an tán. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ ṣi ihò àtijọ́, ojú rírán náà sì hàn.

Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó gé aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ́kù, ó rán àpò kékeré náà. Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa wò ó. Ó bu ìrẹsì sí i lójú rẹ̀, ó rán ẹnu rẹ̀ lójú rẹ̀, ó lọ yá a, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sí i lẹ́yìn. Ọkùnrin náà mí sọ̀ kalẹ̀.

"Sókè díẹ̀."

Ó sún un sókè.

"Ibẹ̀ yẹn."

Ìyá Olówùú ṣí kúlà, ó rí i pé ìrẹsì ti tutù, ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú kan náà, òun nìkan, torí ọkùnrin náà ní kó jẹun tirẹ̀, òun ò tíì lè jẹ. Ní òdìkejì títì, Gbéborùn ń ti ṣọ́ọ̀bù. Kò kí wọn ó dàárọ̀.

Àsìkò oògùn tó. Ìyá Olówùú mú un wá látinú páálí tí nọ́ọ̀sì fún wọn. Ẹyọ kan ni. Ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé ife omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Oníbẹ́ẹ̀dì ò jù ú sẹ́nu. Ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i pa dà láàárín ìka, ó wá gbé e sí imú.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Oògùn ni, Bàbá. Bí dókítà ṣe ní kí n fún yín náà ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó tún wò ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e mì. Ní gbogbo ọjọ́ tí atalẹ̀ fi wà nínú kápúsù, kò bi í léèrè rí.